Ìrínisí Ni Ìsọnilọ́jọ̀, Ṣùgbọ́n Atẹ́gùn Kì í Wojú

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń bèèrè ìtumọ̀ èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọjá síbi tó ń dùn mí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni. Èyí dúdú tó ń dán, tí ìhun ara rẹ̀ dà bí ti ẹní, tí àwọn ọ̀dọ́ Yábàá àti Sùúrùlérè ń pè ní káábọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yọ bọ́nẹ́ẹ̀tì onírin tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Honda àtijọ́ kan ló yà wá sílẹ̀ lórí bíríìjì Third Mainland, níbi tí èèyàn ti ń rí òrùlé páànù Mákòókò àti èéfín ẹja lápá òsì. Kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń yà sí Adékúnlé tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi dìde, tó lu gíláàsì iwájú, tó sì fọ́. Dánfó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gun irin ẹ̀gbẹ́ bíríìjì. Orí ló kó wọn yọ. Nígbà tí a dúró, mo mú ọ̀kan nínú àwọn àfọ́kù náà nílẹ̀. Òkè rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun, ó rí págunpàgun. Fáíbà lásán ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n wá tẹ́ ẹyọ aṣọ káábọ́ọ̀nù kan lé lórí. Èyí tó bí mi nínú jù ni lọ́ọ̀kù. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tuntun náà kò bá ojú lọ́ọ̀kù mu, ẹni tó bá ọmọ tó ń wa Honda náà fi sí i sì yọ lọ́ọ̀kù dànù, ó yọ ìkọ́ kejì tó yẹ kó dì í mú bí lọ́ọ̀kù bá já, ó fi wáyà so ó. Wáyà! Lórí bíríìjì tí wọ́n ti ń sá eré àsápajúdé!

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àgbàlagbà kórìíra ohun tuntun. Káábọ́ọ̀nù gidi, ohun àrà ni. Òwú tó tínrín ju irun orí lọ dáadáa ni wọ́n ń hun, tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù líle pò pọ̀, tí wọ́n sì ń yan nínú ààrò tí wọ́n ti ń fi agbára tẹ̀ ẹ́. Irin tó bá ga, tó fẹ̀, tó sì nípọn tó o yóò wúwo tó o lọ́nà bíi márùn-ún. Lọ́dún 1981, John Barnard fi ṣe ara ọkọ̀ eré ìje fún McLaren, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ìdíje Formula 1. Àwọn kan ń sọ pé yóò fọ́ yángá bó bá kọlu nǹkan. Lọ́dún yẹn kan náà, John Watson fi ọkọ̀ náà kọlu irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Monza, ẹ̀yìn ọkọ̀ já kúrò pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, Watson sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Ẹnu àwọn elẹ́nu wọhò.

Ṣùgbọ́n ohun kan náà ti dójú ti àwọn tó gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Rolls-Royce fi káábọ́ọ̀nù ṣe abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ́ńjìnnì bàálù RB211, nítorí ó fúyẹ́. Nígbà tó di ọdún 1970, wọ́n dán an wò bí bàálù bá pàdé ẹyẹ lófuurufú: wọ́n yin òkú ẹyẹ lù ú. Abẹ̀bẹ̀ fọ́ túútúú. Wọ́n padà sídìí irin titanium, owó tí ẹ́ńjìnnì náà sì ti gbé mì pọ̀ débi pé ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á ní 1971. Lónìí, abẹ̀bẹ̀ káábọ́ọ̀nù ń fò nínú ẹ́ńjìnnì ńláńlá, ṣùgbọ́n wọ́n fi titanium dáàbò bo etí rẹ̀. Ẹyẹ ò kúkú wo bí nǹkan ṣe dán tó.

Ó wá ku iye tó ń fi fúyẹ́. Nígbà tí Chevrolet fúnra wọn fi bọ́nẹ́ẹ̀tì káábọ́ọ̀nù gidi sí àkànṣe Corvette Z06 ti 2004, ohun tó dín kù kò pé kílò 5, lára ọkọ̀ tó wúwo tó nǹkan bíi kílò 1,400. Lóòótọ́, kì í ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì irin ló rọ́pò. Ẹ jẹ́ ká fún tiwa, tó rọ́pò irin, ní ìlọ́po méjì, kílò 10. Ẹ ṣí bútù ọkọ̀ yín. Kẹ́ẹ̀gì omi tí ẹ ń gbé kiri nítorí rédíétọ̀ tó ń jò, bátìrì tó ti kú láti ọdún èṣí, àpò sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù níbi ilé tí ẹ ń kọ́. Ẹ kó wọn sílẹ̀. Ọkọ̀ yín ti fúyẹ́ ju ti ẹni tó ra káábọ́ọ̀nù lọ, ẹ ò sì náwó kankan. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Herbert Macaulay, kí ni kílò 10 fẹ́ sáré lọ ṣe?

Wọ́n á ní kì í dípẹtà. Òótọ́ ni, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń jẹ irin ní agbègbè wa. Ṣùgbọ́n oòrùn Èkó ń jẹ gọ́ọ̀mù ara rẹ̀, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì máa bó. Bóòtù irin tó bá sì fara kan káábọ́ọ̀nù níbi tí omi iyọ̀ wà, kíá ló ń dípẹtà. Wọ́n á tún ní ihò tó wà lórí rẹ̀ ń tú ooru ẹ́ńjìnnì síta. Ó ń tú u síta, òjò oṣù Keje sì ń gbabẹ̀ wọlé bá altánétọ̀. Irin tó bá tẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì-bítà á nà án bọ̀ sípò. Èyí kì í tẹ̀, ṣe ló ń fọ́.

Bí ìrísí bá tó gbára lé, Mákòókò ì bá ti jèrè rẹ̀. Lọ́dún 2013, ayàwòrán ilé Kúnlé Adéyẹmí kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ onígi alájà mẹ́ta síbẹ̀, tó léfòó lórí dúrọ́ọ̀mù oníke bíi 250. Ó rẹwà, àwòrán rẹ̀ sì káàkiri ayé. Àwọn àlejò tí kò gbọ́ orúkọ Ègùn àti Ìlàjẹ rí wá fi ọkọ̀ ojú omi débẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2016, ìkejì rẹ̀ gba ẹ̀bùn Silver Lion níbi àfihàn iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Venice. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún náà, òjò ńlá rọ̀, ti Mákòókò sì wó lulẹ̀. A dúpẹ́ pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ṣáájú. N kò fi í wé bọ́nẹ́ẹ̀tì ayédèrú o. Èrò ńlá ni, ó sì wù mí kí wọ́n tún un kọ́. Ṣùgbọ́n àlejò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, òjò ò gbà á. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ pákó ládùúgbò yẹn mọ èyí tipẹ́: iye ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé láìmumi ni oníbàárà ń bi wọ́n.

Kódà láàárín èèyàn, òwe ìrínisí yìí kì í fìgbà gbogbo ṣeé tẹ̀ lé. Ẹ gbé ọkọ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń kọ mànà wọ ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, kí ẹ lọ ra ṣọ́ọ̀kì. Kí ẹlòmíì gbé èyí tó ti ha wọ ibẹ̀. Iye tí wọ́n máa pè fún yín kò ní dọ́gba. Wọn á sọ yín lọ́jọ̀ lóòótọ́, owó yín ni wọn á fi sè é. Ẹni tí n kò lè bá jiyàn ni ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nítorí ìrísí ni ọjà rẹ̀. Sítíkà oníṣẹ́ káábọ́ọ̀nù wà fún irú wọn: kì í ná wọn tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé bó, bọ́nẹ́ẹ̀tì irin wọn sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú lọ́ọ̀kù rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, kó yí i dojú dé lọ́wọ́ ọlọ́jà. Bí inú rẹ̀ bá funfun, fáíbà ni. Kó má san owó káábọ́ọ̀nù. Bí kò bá wọ lọ́ọ̀kù àti ìkọ́ tí ọkọ̀ bá wá, kó dá a padà lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá sì ti ná owó rẹ̀ tán sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó ń fi táyà tọ́kunbọ̀ rìn, kó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà náà. Nọ́ńbà mẹ́rin wà níparí kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bó bá rí 2311, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2011 ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi irú rẹ̀ gbé ọmọ ọlọ́mọ gun bíríìjì.