Ojúlé ni, Kì í ṣe Orúkọ: Àlàyé lórí Àdírẹ́sì IP fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

1.0 Ìfáàrà
Kọ̀ǹpútà ti di ohun èlò ìkọ́ni ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá lè ṣàlàyé ohun tí ó jẹ mọ́ ọn ní èdè abínibí. Àdírẹ́sì IP wà lára ohun tí ó rọrùn láti ṣì túmọ̀. Bí a bá pè é ní orúkọ kọ̀ǹpútà, tàbí àmì ìdánimọ̀ ẹni tí ó ni ín, a ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ojúlé ni ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu jù lọ, àti pé àṣìtúmọ̀ rẹ̀ lè kó aláìṣẹ̀ sí wàhálà.

2.0 Ohun tí Àdírẹ́sì IP Jẹ́
Kí lẹ́tà tó lè dé ibi tí a fi í ránṣẹ́ sí, ó gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìsọfúnni tí ó ń lọ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Nínú ìlànà IPv4, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1981, nọ́ńbà mẹ́rin ni àdírẹ́sì kan ní, àmì ìdánudúró sì ni ó pín wọn níyà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í ju 255 lọ. Àpẹẹrẹ kan ni 192.168.1.5. Gbogbo àdírẹ́sì tí ìlànà yìí lè pèsè kò ju 4,294,967,296 lọ, iye yìí kò sì tó aráyé lò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ìlànà IPv6, tí àdírẹ́sì tirẹ̀ gùn ju èyí lọ.

3.0 Ojúlé Inú àti Ojúlé Ìta
Ẹ jẹ́ kí a fi agbo ilé ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnu ọ̀nà kan ni ará ìlú mọ̀, ṣùgbọ́n yàrá pọ̀ nínú ilé. Kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń ní ojúlé inú, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí 192.168, tàbí 172.16 títí dé 172.31. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lè lo nọ́ńbà inú kan náà láìsí ìjà, nítorí pé kò sí agbo ilé tí kò lè ní yàrá kìn-ín-ní. Ẹ̀rọ tí a ń pè ní ráútà ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ojúlé ìta tirẹ̀ ni àwọn tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń rí.

4.0 Bí A Ṣe Lè Rí I
Lórí Windows, a óò tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, a óò kọ cmd, a óò sì tẹ Enter. Lẹ́yìn èyí, a óò kọ ipconfig, a óò tún tẹ Enter. Nọ́ńbà tí ó wà níwájú IPv4 Address ni ojúlé inú. Lórí Linux, ip addr ni a óò kọ. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà náà ti béèrè ojúlé, kò sì rí gbà. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ yẹ wáyà àti ráútà wò.

5.0 Ìwúlò Ìmọ̀ yìí fún Olùkọ́
Ká ní ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ń lo yàrá kọ̀ǹpútà kan, tí ẹnì kan nínú wọn sì fi ọ̀rọ̀ èébú ránṣẹ́ sí olùkọ́. Ojúlé ìta lè tọ́ka sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n kò lè tọ́ka sí ọwọ́ tí ó tẹ̀ ẹ́. Ojúlé inú pàápàá kì í dúró lójú kan: ráútà lè fún kọ̀ǹpútà mìíràn ní nọ́ńbà yẹn lọ́la. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tí ó fi hàn kọ̀ǹpútà tí ó ni nọ́ńbà náà lákòókò yẹn, àti ẹni tí ó jókòó tì í, kò tọ́ kí a fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó mọ ẹnu ọ̀nà agbo ilé kò tíì mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ nínú ilé.

6.0 Ìgúnlẹ̀
A ti fi hàn pé ibi tí kọ̀ǹpútà ti so mọ́ ìsokọ́ra ni àdírẹ́sì IP ń sọ. Kì í sọ ẹni tí ó ń lò ó. A dá a lábàá pé kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wo nọ́ńbà kọ̀ǹpútà kan nígbà tí ó so mọ́ ráútà ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì tún un wò nígbà tí ó bá so mọ́ fóònù. Nọ́ńbà náà yóò yí padà lójú wọn, bí ẹni tí ó kó kúrò nílé kan sí òmíràn ṣe ń gba ojúlé tuntun, tí orúkọ rẹ̀ kò sì yí padà.