Yíyan Òdòdó fún Ìkòkò àti Agbọ̀n Àsorọ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa ní Orẹ́gùn

Nínú ìwé àjọ̀dún bí irú èyí, ó yẹ kí ẹ̀kọ́ kan wà láàárín àwọn ìròyìn àti àwòrán, kí ẹni tí ó bá kà á lè rí ohun kan mú lọ sílé. Ẹ̀kọ́ ti ọdún yìí dá lórí òdòdó, pàápàá irú èyí tí a ń gbìn sínú ìkòkò tàbí agbọ̀n, tí a sì ń so rọ̀ kí ẹ̀ka rẹ̀ lè máa fà wálẹ̀. A kò yan ẹ̀kọ́ yìí nítorí pé a mọ̀ ọ́n tán. A yàn án nítorí pé a ti kùnà nínú rẹ̀, owó tí ó sì bá ìkùnà náà lọ kì í ṣe tiwa nìkan.

Bí a ṣe kùnà

Àwọn tí wọ́n jáde níhìn-ín ní ìgbà tí ilẹ̀ ṣì wà níwájú kíláàsì yóò rántí ibi tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Lónìí, kankéré ti bo ibẹ̀. Àdúgbò wa pẹ̀lú ti yí padà. Láti ìgbà ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni a ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ sí agbègbè Ìkẹjà, Orẹ́gùn sì gba ìpín tirẹ̀. Ọkọ̀ àjàgbé kò dẹ́kun ní òpópónà Kudirat Abiọ́lá, eruku àti èéfín wọn sì ń dé ojú fèrèsé wa. Ọmọ tí ó bá wọlé ní aago méje àárọ̀ lè padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ láìfi ọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi pinnu láti so òdòdó rọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn òbí dáwó, a sì ra agbọ̀n 12. Àwòrán tí ó wà lára páálí irúgbìn láti òkè òkun ni a wò tí a fi yan petunia: òdòdó elésè-àlùkò tí ó ṣàn wálẹ̀ bí aṣọ. A so gbogbo rẹ̀ rọ̀ ní oṣù kẹfà, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, níbi tí omi òjò ti ń ya wọlé. Kí oṣù náà tó parí, òjò ti lu àwọn òdòdó náà di ohun tí ó rọ̀ bíi bébà tí ó bọ́ sómi. Lẹ́yìn èyí ni ìsinmi gígùn dé. Nígbà tí a wọlé ní oṣù kẹsàn-án, igi gbígbẹ ni ó wà nínú agbọ̀n méjìlá náà.

Ọmọbìnrin kan ní JSS 2 bi wá léèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni ó yẹ kí ó máa bomi rin wọ́n?” A wo ara wa lójú, kò sì sí ẹni tí ó lè dáhùn. Ọmọ yìí kan náà ni ó fi pápásan kan hàn wá lẹ́bàá gọ́tà, níbi tí kankéré ti sán. Ẹnikẹ́ni kò gbìn ín, ẹnikẹ́ni kò bomi rin ín, síbẹ̀ ó ń tan òdòdó rẹ̀ kékeré aláwọ̀ ìyeyè. Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wa lákọ̀tun.

Kí ni a ń pè ní òdòdó ọlọ́dún kan?

Òdòdó ọlọ́dún kan ni èyí tí ó ń hù, tí ó ń tanná, tí ó ń so èso, tí ó sì ń kú láàárín ọdún kan, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí páálí òkè òkun pè bẹ́ẹ̀, òtútù ìparí ọdún ni ó ń pa wọ́n ní ilẹ̀ náà. Kò sí irú òtútù bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Vinca àti impatiens, tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń gbìn fún ọdún kan ṣoṣo, lè lò jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ wa. Ohun tí ó ń pa òdòdó níhìn-ín ni ooru tí kì í rọlẹ̀ lóru, òjò tí ń lu ewé, àti omi tí ó dúró sí ìdí gbòǹgbò. Nítorí náà, ìkìlọ̀ ẹ̀yìn páálí wúlò fún ilẹ̀ àwọn tí ó kọ ọ́. Ilẹ̀ tiwa ní òfin tirẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta kí a tó náwó

Èkíní: oòrùn wákàtí mélòó ni ó ń dé ibẹ̀? Ẹ wo ògiri náà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá ń dé ibẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi oòrùn ni. Bí kò bá tó wákàtí mẹ́ta, ibi òjìji ni.

Èkejì: ǹjẹ́ òjò ń kan ibẹ̀ tààrà? Abẹ́ òrùlé tí ó yọ síta dáadáa yàtọ̀ sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìjì ń gbé omi wọ̀.

Ẹ̀kẹta: ta ni yóò bomi rin ín, pàápàá ní ọjọ́ ìsinmi? Bí a kò bá lè dárúkọ ẹni náà, kò tíì yẹ kí a ra òdòdó náà.

Àwọn tí ń ta òdòdó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà káàkiri Ìkẹjà mọ iṣẹ́ wọn. Bí a bá gbé ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí lọ bá wọn, wọn yóò ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn nawọ́ sí èyí tí ó dára jù lójú, ohun tí a nawọ́ sí ni wọn yóò tà fún wa.

Fún ibi tí oòrùn ti mú

Portulaca ni a fi ṣíwájú. Ìbátan pápásan tí a ń jẹ ni, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó sì ti wá. Ewé rẹ̀ nípọn, ó sì ń tọ́jú omi pamọ́, ìdí nìyí tí ó fi lè fara da ògiri gbígbóná àti ọjọ́ kan tí a bá gbàgbé. Ó ní pupa, funfun, ìyeyè àti àwọ̀ olómi ọsàn. Òdòdó rẹ̀ a máa là nígbà tí oòrùn bá mú, a sì máa padé ní ìrọ̀lẹ́ tàbí nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú. Ó yàtọ̀ sí tannápowó tí àwọn ìyá wa mọ̀, tí ó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni tirẹ̀ ń là. Ẹni tí kì í sí nílé ní ọ̀sán lè má rí ẹwà portulaca rí, kí ó mọ èyí kí ó tó rà á. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi àpọ̀jù. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí a ra irúgbìn rẹ̀: ẹ gé ẹ̀ka tí ó gùn tó ìka ọwọ́, ẹ kì í bọ iyẹ̀pẹ̀ tútù, yóò ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Vinca tẹ̀ lé e. Erékùṣù Madagásíkà ni ilẹ̀ ìbí rẹ̀. Oríṣi rẹ̀ kan ń dúró ṣánṣán, oríṣi kan sì ń fà wálẹ̀. Ẹ béèrè fún èyí tí ń fà. Ooru kò dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí omi bá ń dúró sí ìdí rẹ̀, yóò jẹrà láti ìsàlẹ̀. Láti ara vinca ni àwọn onímọ̀ ti rí oògùn vincristine àti vinblastine, tí àwọn dókítà ń lò láti fi bá jẹjẹrẹ jà, títí kan jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣe àwọn ọmọdé. Síbẹ̀, májèlé ni ewé rẹ̀ fún ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ tàbí tí ó bá sè é mu. Ẹ so ó sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kékeré kò lè tó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ àwọ̀ aró lè wá evolvulus láti ilẹ̀ Bràsíì. Òdòdó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n òmíràn a máa là lọ́jọ́ kejì. Ìbátan ànàmọ́ ni. Ànàmọ́ fúnra rẹ̀ ní oríṣi tí a ń gbìn nítorí ẹwà ewé rẹ̀, èyí tí ó dúdú mọ́ elésè-àlùkò àti èyí tí ó tutù yọ̀yọ̀. Bí a bá fi ẹyọ kan sí etí agbọ̀n, yóò rọ̀ wálẹ̀ kíákíá, yóò sì bo ibi tí òdòdó kò bá pọ̀.

Fún abẹ́ òjìji

Torenia, tí ó wá láti Éṣíà, fẹ́ràn afẹ́fẹ́ tí ó ní ọ̀rinrin bí ti Èkó. Impatiens, ọmọ ìlà-oòrùn Áfíríkà, ń tanná ní ibi tí òdòdó mìíràn kò lè tan, ṣùgbọ́n omi ni ó ń mu. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ ní ọ̀sán kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo rẹ̀ yóò rọ. Àwọn ọmọ yóò fẹ́ràn èso rẹ̀, nítorí bí ó bá gbó tí a sì fọwọ́ kàn án, yóò bẹ́, yóò sì fọ́n irúgbìn ká.

Petunia ńkọ́?

Petunia kò ṣẹ̀. Àkókò àti àyè tí a fún un ni kò bá a mu. Ìdílé kan náà ni òun, tòmátì, ata àti ìgbá ti wá. Bí a bá gbìn ín lẹ́yìn tí àrọ̀kúrò bá ti lọ, tí a so ó sí abẹ́ òrùlé tí oòrùn àárọ̀ ń dé, ó lè ṣe wá lóore ní àkókò ọyẹ́. Kí òjò ọdún tuntun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, a ó ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ yẹra fún wedelia, òdòdó ìyeyè tí ń tàn kálẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó ń fà wálẹ̀ dáadáa lóòótọ́, àmọ́ ibi gbogbo tí oríkèé rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ ni ó ti ń ta gbòǹgbò. Ó wà lára 100 ẹ̀dá àjèjì tí àwọn onímọ̀ kà sí èyí tí ó burú jù lọ lágbàáyé ní ti gbígba ilẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá ìbílẹ̀ lọ́wọ́.

Agbọ̀n, iyẹ̀pẹ̀ àti omi

Agbọ̀n tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 ni kí a lò. Èyí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ yóò gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ó bá mu omi yó, ó lè wúwo tó kílò mẹ́wàá, nítorí náà irin tàbí kankéré ni kí a so ó mọ́, kì í ṣe pákó àjà. Iyẹ̀pẹ̀ lásán yóò le bí bíríkì: ẹ po ilẹ̀ dúdú pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà pátápátá, àti irun èèpo àgbọn tàbí èèpo ìrẹsì, kí omi lè rí ọ̀nà kọjá. Ihò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀.

Ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ó bá gbẹ níbẹ̀, ẹ bomi rin ín ní àárọ̀ títí omi yóò fi máa kán nísàlẹ̀. Bí ó bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè gba omi lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Nítorí eruku àdúgbò wa, ó dára kí a fi omi ṣan ewé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà tí òjò kò bá rọ̀. Ẹ gé orí ẹ̀ka tí ó gùn jù, yóò sì yọ ẹ̀ka púpọ̀. Ẹ má ṣe fi omi sílẹ̀ nínú àwo abẹ́ ìkòkò, nítorí ẹ̀fọn yóò yé sí i, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ẹyin náà yóò sì di ẹ̀fọn tí ń fò.

Iṣẹ́ tí ó kù

Olúwa wa, nínú ìwé Mátíù orí kẹfà, sọ fún wa pé kí a kíyè sí òdòdó ìgbẹ́. A ti ka ibẹ̀ nígbà púpọ̀. Ṣùgbọ́n òdòdó ìgbẹ́ ní ilẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ lè wá omi lọ. Èyí tí a gbé sókè sínú agbọ̀n kò ní ibi tí yóò wá a lọ. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ súnmọ́ ti Jẹ́nẹ́sísì orí kejì, níbi tí a ti fi ọgbà lé ènìyàn lọ́wọ́ láti máa ro ó àti láti máa ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó so òdòdó rọ̀ ti gba iṣẹ́.

Àwọn agbọ̀n 12 náà ṣì wà. A ti fọ̀ wọ́n, a sì ti gbin portulaca àti vinca sí mẹ́jọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ oòrùn, torenia sí mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ yàrá ìkàwé. Orúkọ àwọn ọmọ tí ń bomi rin wọ́n wà lára pátákó, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀. Àwọn ọ̀sẹ̀ ìsinmi gígùn nìkan ni ó ṣófo. Kì í ṣe owó ni a ń tọrọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Orẹ́gùn, Òjòtá, Òpèbí àti Aláùsá, ẹ bá wa mú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ mú ọmọ yín dání, kí ó fi ìka tirẹ̀ kan iyẹ̀pẹ̀. Pátákó náà wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, bíírò sì wà lára rẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a ṣe ọdún tí ń bọ̀ láyọ̀.