Owó Tó Tọ́ sí Òbí Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Dá Ọmọ Tọ́

Kọ́bapẹ́ ni mò ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, lójú ọ̀nà tó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ṣàgámù. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò mi ló ń gba owó oṣù. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé òfin ni mò ń kà, ìbéèrè kan ló sábà máa ń tẹ̀ lé e: bí ọkọ tàbí ìyàwó ẹni bá kú, tàbí tó bá kó ẹrù rẹ̀ lọ, owó wo ló wà fún ẹni tó ṣẹ́kù pẹ̀lú àwọn ọmọ? Ẹ̀kọ́ tòní dá lé èyí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ló ń san apá kan. Ní ọdún 2025, Child Benefit jẹ́ £26.05 lọ́sẹ̀ fún ọmọ àkọ́kọ́, Universal Credit sì lè san tó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú ọmọ padà fún òbí tó ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìwé ìgbélùú ló fàyè gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìjọba kì í san owó oṣù ọmọ fún òbí. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló wà níbí, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló sì máa kàn wọ́n fúnra rẹ̀.

Ilẹ̀kùn kìíní ni òbí kejì, bó bá ṣì wà láàyè. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ kí àwọn òbí rẹ̀ máa bọ́ ọ níwọ̀n bí agbára wọn bá ṣe mọ. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni. Ìjà bàbá àti ìyá kò lè pa á rẹ́. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀, kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ lè pàṣẹ owó oúnjẹ. Bó bá jẹ́ ti kóòtù, ilé-ẹjọ́ gíga ló ń gbọ́ ọ lábẹ́ òfin Matrimonial Causes ti 1970. Ẹni tí kò fẹ́ ẹjọ́ lè kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà, kí wọ́n pe ẹnì kejì jókòó. Níbikíbi tí ẹ bá lọ, ẹ kọ iye sílẹ̀: owó ilé-ìwé pẹ̀lú rìsíìtì, oúnjẹ oṣù kan, owó ilé, owó oògùn. Adájọ́ kò lè fi ẹkún ṣírò owó.

Ilẹ̀kùn kejì ni ibi iṣẹ́ olóògbé, ibẹ̀ sì ni owó ti ń sọnù jù. Mẹ́ta ni owó tó wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni owó pẹ́ńṣàn. Lábẹ́ òfin 2014, ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń dá ìdá 10, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ohun tó ti kó jọ di ti àwọn ajogún rẹ̀.

Ìkejì ni inṣọ́ránsì ẹ̀mí tí òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ra. Kò gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Bí olóògbé bá ń gba ₦100,000 lóṣù, ₦1,200,000 ni lọ́dún; ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ₦3,600,000.

Ìkẹta wà fún ẹni tí iṣẹ́ pa. Òfin Employee's Compensation ti 2010 sọ pé opó, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù olóògbé. Bó bá jẹ́ ọmọ kan, ìdá 85. Àjọ NSITF ló ń san án. Jàǹbá ojú ọ̀nà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ wà lára rẹ̀, èyí tó kan gbogbo ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ lójú ọ̀nà wa yìí. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni òfin fún ni láti béèrè.

Mo mọ opó kan ládùúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ kú bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ẹbí dá owó ìsìnkú, wọ́n sì ní kó gba kámú. Oṣù kọkànlá ti wọlé kí ẹnikẹ́ni tó sọ ti owó yìí fún un. Ó kọ ìwé rẹ̀ wọlé kí ọdún tó pé. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, àkókò ì bá ti kọjá.

Ilẹ̀kùn kẹta ni iṣẹ́ ẹni fúnra rẹ̀. Obìnrin tó bímọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, ó kéré tán pẹ̀lú ìdajì owó oṣù rẹ̀ bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Òfin kò béèrè bóyá ó lọ́kọ. Òfin UBE ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé ìjọba títí dé JSS 3. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà wà, ṣùgbọ́n gbèsè ni owó tí wọ́n ń yáni, ẹ má fi ṣe oúnjẹ oṣooṣù.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí òfin kò dé. Ìyálọ́jà, télọ̀ àti ọlọ́kadà kò ní agbanisíṣẹ́, nítorí náà ilẹ̀kùn kejì tì mọ́ àwọn ọmọ wọn. Lójú tèmi, àlàfo tó tóbi jù nìyí, ó sì yẹ fún iṣẹ́ ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Bí ẹ bá padà sílé lópin ọ̀sẹ̀, ẹ bi àwọn òbí yín tó ń ṣiṣẹ́ oṣù léèrè: ta ni wọ́n kọ sínú ìwé pẹ́ńṣàn wọn, níbo sì ni ìwé náà wà? Ọ̀rọ̀ náà lè korò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìgbà tí ara bá le ló dùn ún sọ.