Àmì Másùnmáwo Nínú Ara Wa

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí másùnmáwo. Kì í ṣe ti ọkọ tàbí ti ọmọ, nítorí tiwọn kì í pẹ́ hàn sí wa. Tiwa gan-an ni kí á yẹ̀ wò.

Obìnrin tó ń tajà ní Táíwò Road mọ ohun tí mò ń wí. Láti òwúrọ̀ ni ariwo jẹnẹrétọ̀ àti fèrè mọ́tò ti ń lù ú létí. Ẹni tó ra àwìn kò tíì san, owó àjọ ti tó dá, owó ilé-ìwé ọmọ ń dúró. Bí ó bá délé, yóò tún dáná. Ẹ bi í bóyá ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, yóò ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ara ńkọ́, yóò ní, “Orí mi ń gbóná, àyà mi ń já, gbogbo ara ń ro mí.” Kò purọ́. Ara ni àwa fi máa ń sọ ohun tó ń ṣe ọkàn.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti kíyè sí i. Ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà, rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná tàbí ń ro, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí wọ́n ń kàwé tí kò sì wọlé. Ó kọ̀wé nípa wọn ní 1960. (Àwa tí a ti ṣe olùkọ́ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa ní àsìkò ìdánwò.) Ní 1982, Peter Ebigbo kó irú ẹ̀sùn wọ̀nyí jọ sínú ìwé ìbéèrè tí a lè fi yẹ àwọn aláìsàn Nàìjíríà wò, orí gbígbóná àti ohun tó dà bí ẹni pé kòkòrò ń rìn lára wà níbẹ̀.

Bí ọ̀kadà bá fẹ́ gbá ọ, ara á tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀: àyà á máa lù kìkì, èémí á yára, iṣan á le, kí o lè fò kúrò lọ́nà. Bí ewu bá kọjá, ara á rọ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í kọjá bí ọ̀kadà. Ara á wà lójúfò títí, ìdí nìyẹn tí ọrùn fi ń ro ni, tí inú ń dà rú, tí a sì ń jí ní aago méjì òru láìsí ohun tó jí wa.

Àwọn àmì mìíràn kò jọ àìsàn rárá. O bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Oúnjẹ kò wù ọ́, tàbí kí o máa jẹ búrẹ́dì ṣáá. O kò fẹ́ lọ sí ìyàwó ẹnikẹ́ni mọ́. Parasitamó́ọ̀lù kò kúrò nínú báàgì rẹ. Èyí tí mo gbà gbọ́ jù lọ ni ìbínú lórí ohun kékeré, nítorí àwọn ẹlòmíràn á ti rí i kí ìwọ tó rí i. Bi ọmọbìnrin tó ń bá ọ tajà. Bí kò bá bẹ̀rù rẹ, yóò sọ òtítọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, gbogbo orí gbígbóná kọ́ ni másùnmáwo. Ó lè jẹ́ ibà, ó sì lè jẹ́ àsìkò tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn rárá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ń tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ọ̀rọ̀ dókítà. Àyà tó ń dunni bí ẹni pé ẹrù wúwo wà lórí rẹ̀, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ìbànújẹ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ikú bá ń wu ènìyàn. Ẹ má sọ fún irú arábìnrin bẹ́ẹ̀ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Nígbà tí Èlíjà bẹ̀bẹ̀ fún ikú nínú 1 Àwọn Ọba 19, oorun àti oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ rí gbà, kí iṣẹ́ mìíràn tó dé.

Kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó pé, ẹ mú ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ méje, ẹ kọ aago tí ẹ jí, ibi tó ń dùn yín, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ẹ kò ní láti fi han ẹnikẹ́ni. Èyí ni a ó jùmọ̀ jíròrò: èwo nínú ẹrù wa ni ẹlòmíràn nínú ilé lè bá wa gbé, kí ló sì dé tí a kò tíì sọ fún un?