Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ní Ààfin Ìlọrin

Àwọn àgbà a máa wí pé, ohùn pẹ̀lẹ́ ni í yọ obì lápò, ohùn líle ni í yọ ọfà lápó. Bí a bá ń wá ẹni tí ó fi ìgbésí ayé rẹ̀ túmọ̀ òwe yìí, a kò lè ṣàì dárúkọ Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí ó ń dàgbà, agbára Aláàfin ti ń rẹ̀yìn, Àfọ̀njá tí í ṣe Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò ti yapa ní Ìlọrin, ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, ogun ká àwọn ará Òṣogùn mọ́lé. Àwọn Ọ̀yọ́ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn ni ó pọ̀ jù nínú ogun náà. Baba Àjàyí sáré wọlé, ó ní kí àwọn ará ilé òun sá àsálà, ó sì padà sí ojú ìjà. Àjàyí kò tún fi ojú kàn án mọ́. A kó ọmọ náà lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀, a sì fi iná sun ìlú wọn.

Ní Ìsẹ́yìn, a fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Láti ọjà dé ọjà ni a ń tà á, títí ó fi dé Èkó, tí àwọn Pọtogí rà á, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Kí a kíyè sí èyí dáradára: bí àwọn Mùsùlùmí ti wà nínú àwọn tí ó kó Àjàyí, láti ilẹ̀ Kristẹni ni àwọn tí ó rà á ní etíkun ti wá. Ojúkòkòrò kò ní ẹ̀sìn.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, tí a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Ní ọdún 1843 a fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó di ọdún 1846, ó ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni òun àti Àfàlá, ìyá rẹ̀, ti tún fi ojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti pínyà.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864, a yà á sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury. Ó yẹ kí a rántí ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú náà. Augustine ni, ẹni tí Póòpù Gregory rán láti Róòmù, tí ó sì gúnlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 597. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ pé nígbà tí Gregory rí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń tà lẹ́rú ní ọjà Róòmù ni àánú wọn ṣe é. Àwọn tí a ti ń ta ọmọ wọn lẹ́rú nígbà kan rí ni ó wá fi ẹni tí a ti tà rí jẹ Bíṣọ́ọ̀bù.

Iṣẹ́ Crowther wà ní ẹ̀bá Odò Ọya. Ní ọdún 1857, ọkọ̀ Dayspring tí ó wọ̀ fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1872, bí ó ti ń ti Bídà bọ̀ wá sí Èkó ní orí ilẹ̀, ó dé Ìlọrin, ó sì jókòó ní ààfin Ẹ́míà.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ó lè wà lọ́kàn irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ogun àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti Fúlàní ni ó sọ ọ́ di aláìníbaba. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ irú wọn ni ó sì jókòó yí i ká. Wọ́n bi í ní ìbéèrè nípa ẹ̀sìn rẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀ ní Sàró, ó ti bá àwọn Mùsùlùmí jiyàn kíkan, ó sì ti rí i pé èébú kò ṣí ọkàn ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kò bu ẹ̀sìn wọn. Ọ̀rọ̀ inú Bíbélì ni ó fi dáhùn, ó sì gba ọ̀nà ibi tí Bíbélì àti Àlùkùránì ti pàdé: ìbí ìyanu Jésù, tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Ànábì Ísà, àti iṣẹ́ tí a fi rán áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì. Ìlọrin kò tìtorí rẹ̀ yí ẹ̀sìn padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ogun lé jáde nílé kò dá ogun mìíràn sílẹ̀.

Ohùn pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ohùn ojo. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ àlùfáà Òyìnbó kan fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá púpọ̀ nínú wọn dúró níṣẹ́. Arúgbó náà kò fọwọ́ sí i. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá, tí òun ṣe olórí àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀, tí a sì parí ní ọdún 1884, kò bá a kú.

Ìbéèrè
1. Ta ni ó jẹ̀bi ìkólẹ́rú Àjàyí? Fi ẹ̀rí gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.
2. Kí ni ó mú kí Crowther yí ọ̀nà tí ó ń gbà bá àwọn Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ padà?
3. “Ohùn pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ohùn ojo.” Ṣe àlàyé gbólóhùn yìí.
4. Kọ àròkọ lórí òwe tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí.