Orí Bíbẹ́ Kọ́ Loògùn Orí Fífọ́: Fún Ẹni Tí Kọ̀ǹpútà Géèmù Rẹ̀ Ń Kú Lójijì

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ wo ohun tí ojú kọ̀ǹpútà géèmù ń rí lọ́wọ́ wa nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín eré. Ẹ̀rọ olówó gọbọi ni, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná aláràbarà nínú. Ó kú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní NEPA ni. Ó kú lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pa Windows rẹ́, wọ́n gbé òmíràn wọlé. Ó kú lẹ́ẹ̀kẹta, ó di Computer Village n'Íkẹjà: owó RAM tuntun, owó power pack tuntun. Bó bá délé tó tún kú, wọ́n á ní ayé ló ń bá àwọn jà. Nínú gbogbo eré yìí, kò sẹ́ni tó bi ẹ̀rọ náà léèrè ohun tó ń ṣe é.

Ooru ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń fura sí, ìfura náà kò sì burú. Káàdì àwòrán RTX 4090 nìkan lè fa 450 wáàtì, CPU Core i9-14900K sì lè fa 253 sí i. Gbogbo iná tí wọ́n bá jẹ ló ń di ooru, inú yàrá yín sì ni ooru ọ̀hún ń dà sí. Ẹni tó ti fèrèsé pa tó ń fi irú ẹ̀rọ yìí ṣeré ní ọ̀sán Èkó kò yàtọ̀ sí ẹni tó tan áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Àmọ́ ooru kì í sábà pa kọ̀ǹpútà òde òní lójijì. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, bẹ́ẹ̀ náà sì ni CPU ṣe mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Dígírì 95 ni AMD fi ṣe òpin fún Ryzen 9 7950X, 89 ni ti Ryzen 7 7800X3D, 100 ni Intel fún i9-14900K. Bí ooru bá kan ibẹ̀, ẹ̀rọ náà á dẹ ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Nítorí náà ooru máa ń sọ̀rọ̀ kó tó ṣe nǹkan: géèmù á máa fà, àwòrán á máa dúró wìì, fáànù á máa pariwo. Kọ̀ǹpútà tó wà ní dígírì 65 tó wá kú pii, ẹ má tíì fẹ̀sùn kan ooru.

Ẹ gbé HWiNFO sórí ẹ̀rọ yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ní kó máa kọ ìwọ̀n ooru sínú fáìlì bí ẹ ṣe ń ṣeré lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá kú, ẹ tan án padà, kí ẹ ka àwọn ìlà tó gbẹ̀yìn. Kì í ṣe bí ooru ṣe ga tó nìkan lẹ ń wá níbẹ̀. Bó ṣe yára gòkè ló ń tọ́ka sí ibi tí àrùn wà, èyí sì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń fò kọjá. Bí CPU bá ti kan 95 kí géèmù tó ṣí tán, kì í ṣe afẹ́fẹ́ inú àpótí ló fà á. Irin tó yẹ kó gba ooru lórí rẹ̀ ni kò fara kàn án dáadáa, tàbí kó jẹ́ pé paste tó wà láàárín wọn ti gbẹ. Lára èyí tó ń lo omi, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri ló ti dákẹ́: ẹ fọwọ́ kan rọ́bà méjèèjì, bí ọ̀kan bá gbóná janjan tí èkejì tutù, omi kò lọ. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀rá tí wọ́n fi bo ìdí irin náà láti ilé iṣẹ́ ni ẹni tó tò ó kò ṣí kúrò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń ṣẹlẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé ó ń rọra gòkè, tó gbà tó ìdajì wákàtí kó tó le, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí sílẹ̀, kí ẹ tún ṣeré. Bí ooru bá wálẹ̀ gan-an, ẹ̀rí ti dé: afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé. Ẹ wò ó bóyá fáànù iwájú ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, tí ti ẹ̀yìn àti ti òkè ń tì í jáde. Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Ní ilẹ̀ wa, kò sí àpótí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà rẹ̀, ẹ gbé e síta, kí ẹ fi ìka di fáànù mú kí ẹ tó fẹ́ atẹ́gùn sí i, torí fáànù tí atẹ́gùn bá fi tipátipá yí lè bàjẹ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ lè dín iná tí káàdì ń jẹ kù sí bíi 80 nínú 100. Ooru á dín, ojú yín kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ nínú eré. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju kí a máa ra fáànù kún fáànù lọ.

Kíkú pii, láìsí ojú búlúù, láìsí ìkìlọ̀, ọ̀nà iná ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Windows á kọ Kernel-Power 41 sínú Event Viewer, àwọn kan á sì sáré lọ ra power pack nítorí orúkọ yẹn. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ náà kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Ẹ wo ibi tí iná ti ń wọlé. UPS kékeré tí wọ́n kọ 650VA sí lára kì í sábà gbé ju 400 wáàtì lọ, ìyẹn kò tó káàdì 4090 nìkan. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé irú UPS bẹ́ẹ̀, tó wá ń pààrọ̀ paste lójoojúmọ́, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀rọ yìí. Ẹ tún wo ẹnu wáyà tó wọ inú káàdì. Láti oṣù kẹwàá 2022 ni àwọn oní-4090 ti ń rí i tí ẹnu wáyà ń yọ́, èyí tí kò wọlé dé ìdí sì wà lára ohun tó fà á. Ẹ tì í títí kò fi sí àlàfo, kí ẹ má sì ká a lẹ́bàá ẹnu.

Bó bá jẹ́ pé géèmù nìkan ló ń já bọ́ tí Windows ṣì wà níbẹ̀, ẹ wọ BIOS, ẹ pa XMP tàbí EXPO kí RAM máa rìn ní ìwọ̀n tirẹ̀, kí ẹ fi MemTest86 yẹ̀ ẹ́ wò láti orí fláàṣì. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí mẹ́ta papọ̀ kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn tó ra Core i9-13900K àti 14900K rí i gbangba. Àwọn géèmù tí wọ́n fi Unreal Engine ṣe ń já bọ́, wọ́n ń sọ pé ìrántí káàdì kò tó mọ́. Àwọn èèyàn dá káàdì lẹ́bi, káàdì kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. CPU ni. Lọ́dún 2024 ni Intel jẹ́wọ́ pé fóltéèjì tó pọ̀ jù ń wọ inú àwọn CPU kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá, ó sì ń ba wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé àtúnṣe 0x129 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà, 0x12B tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì fi ọdún méjì kún wọ́ráńtì. Inú BIOS ni àtúnṣe náà ń gbà wọlé. Ó ń dáàbò bo èyí tó ṣì sàn, kò sì lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn.

Bí irú CPU yìí bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo nọ́ńbà BIOS yín lónìí, kí ẹ tó ṣí géèmù kankan. Bó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ìgbà tó tún BIOS rẹ̀ ṣe, ẹ ní kó ṣí géèmù ńlá kan lójú yín, kí ẹ tó ka owó fún un.