Ọjọ́ Méjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Fẹ́ Wá Najú

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń dáwó jọ láti lọ najú ní Dùbáì lópin ọ̀sẹ̀ kan. Kò burú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kó lọ. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ọmọ Èkìtì lè mọ orúkọ gbogbo ilé gogoro etí òkun Lárúbáwá kó má sì tíì fẹsẹ̀ kan omi Ìkògòsì rí. Ẹ kọ́kọ́ wá sílé. Ọjọ́ méjì tó, bí ẹ bá mọ bí ẹ ṣe máa lò ó.

1. Ibi díẹ̀ ni kí o mú. Ọjọ́ Ẹtì yóò bá ojú ọ̀nà lọ, ọjọ́ Àìkú yóò bá ìpadàbọ̀ lọ, Àbámẹ́ta nìkan ni odindi ọjọ́ tó kù sí ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní òun yóò rí Ìkògòsì, Àrinta, Ẹ̀fọ̀n, Ìjerò àti omi Erin-Ìjẹ̀ṣà lẹ́ẹ̀kan náà, inú ọkọ̀ ló máa lo gbogbo ìsinmi rẹ̀. Tèmi ni pé kí o sùn sí Ìkògòsì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí o fi Àbámẹ́ta wo omi, kí o sì ya Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ Àìkú bí o ti ń padà. Pe ibi tí o fẹ́ sùn lórí fóònù kí o tó gbéra, kí o bi wọ́n bóyá iná wà, bóyá yàrá ṣì kù. Àjọ̀dún àti ìsinmi iléèwé máa ń mú èrò wá lójijì.

2. Má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọ lọ́nà. Bí o bá gba Ifẹ̀ àti Iléṣà wá, Ìwáràjà ni ọ̀nà ti ń pín: ọ̀kan lọ sí Àkúrẹ́, èkejì gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀nà òkè yẹn lẹ́wà, ó sì ní kọ́nà tó le. Apá kan àpáta, apá kejì àfonífojì, ọkọ̀ akẹ́rù sì lè yọ sí ọ láìròtẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ti kọ́nà, igbó ibẹ̀ di, ayé ìsinsìnyí kì í ṣe ayé ìgbà tí à ń rìn lóru bó ṣe wù wá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o kọ́kọ́ ṣọ́ ara rẹ. Kúrò nílé ní kùtùkùtù, kí o sì sọ ọ̀nà tí o máa gbà fún ẹnì kan tó wà nílé. Ẹ má sì túká lọ́nà. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

3. Fara balẹ̀ ní Ìkògòsì. Láti Àrámọ̀kọ, ọ̀nà Ẹ̀rìjìyàn ló máa gbé ọ débẹ̀. Orísun méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀kan tutù. Kálukú ní ojú ibi tó ti ń sun, wọ́n jọ ń ṣàn nísàlẹ̀ igi ńláńlá, wọ́n sì pàdé níwájú. Dúró síbi ìpàdé yẹn, kí o ki ẹsẹ̀ kan bọ ti ọ̀tún, kí o ki èkejì bọ ti òsì. Ara rẹ máa sọ fún ọ pé omi méjì ni, bí ojú rẹ tilẹ̀ ń rí ẹyọ kan. Àwọn àgbà ní ìyàwó ọdẹ kan ni wọ́n, orogún méjì, ọ̀kan oníbìínú, ọ̀kan oníwà tútù, tí wọ́n di omi. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní òjò ló ń wọnú ìlà àpáta lọ sísàlẹ̀ gan-an, tí ooru inú ilẹ̀ ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó gòkè padà. Gbọ́ méjèèjì, wọn kò dí ara wọn lọ́wọ́.

Tètè débẹ̀ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́, nígbà tí ara ń fẹ́ omi ìlọ́wọ́ọ́rọ́. Má fọ aṣọ níbẹ̀, má fi ọṣẹ wẹ̀, má sì fi ike àti ọ̀rá sílẹ̀. Mo ti rí ọ̀rá omi tó há sáàárín òkúta níbi tí omi méjèèjì ti pàdé, ó sì bà mí nínú jẹ́. Ohun tí àwọn baba wa kò bàjẹ́ kò yẹ kó bàjẹ́ lójú wa.

4. Má bá Àrinta figagbága. Ìpólé-Ìlórò tí omi tó ń dà láti orí òkè yìí wà kò jìnnà sí Ìkògòsì. Àsìkò òjò ni omi náà máa ń pọ̀, àsìkò náà sì ni òkúta rẹ̀ máa ń yọ̀ jù. Wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, mú ẹni tó mọ ibẹ̀ dání, kí o sì fi fóònù sápò nígbà tí o bá ń gòkè. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilé ìwòsàn ńlá kò sí nítòsí bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀.

5. Bí o bá dé ìlú, kí àwọn onílùú. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, má gbé kámẹ́rà wọ ààfin láìgba àṣẹ. Ṣí fìlà, bọ́ awò dúdú ojú rẹ, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀, kí o tó béèrè ohunkóhun. Àlejò a máa lójú, kì í fi í ríran. Onílé ló máa fi hàn ọ́. Bi wọ́n nípa Agbọnbíọfẹ́, ọmọ agbo ilé Adéṣínà, tó gbẹ́ òpó ààfin náà lẹ́yìn tí iná jó o ní 1912. Ní ìlú yìí kan náà ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí, ẹni tó kú ní 1959. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbàdúrà níbẹ̀. Bó o bá lọ, pa ẹnu mọ́, má sì fi ibojì ẹni ẹlẹ́ni ya fọ́tò ẹ̀rín.

6. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn lè fi Òkèmẹ̀sí rọ́pò Àrinta. Ibẹ̀ ni ìlú Fábùnmi, ọ̀kan lára àwọn tó dá ogun Kírìjì sílẹ̀ lòdì sí Ìbàdàn. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà.

7. Bí o bá ya Ìjerò, jìnnà sí kòtò àwọn awakùsà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní táńganran àti òkúta iyebíye lóòótọ́, àwọn èèyàn sì ń wa ilẹ̀ kiri. Kòtò tí wọ́n pa tì máa ń gba omi òjò, ewéko á bo ẹnu rẹ̀, ilẹ̀ etí rẹ̀ á sì máa ya. Ẹni tó bá gbé òkúta wá bá ọ lẹ́bàá ọ̀nà pé kí o rà á, kí i dáadáa, kí o máa lọ. O kò ní ìwé àṣẹ, o kò sì mọ ohun tí ó ń tà.

8. Mú owó pépà dání. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ lójijì láàárín òkè, oníyán kò sì ní dúró de àmì tó ń yí lójú fóònù rẹ. Iyán Èkìtì gbígbóná dé ọwọ́ rẹ, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà níbẹ̀, o wá ń wá onípí-ó-èsì kiri: ìyà gidi nìyẹn. Ya owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ sọ́tọ̀ láti ilé, kí o má sì fọwọ́ kàn án. Bí iṣu bá wù ọ́ rà lẹ́bàá ọ̀nà, rà á lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, torí pé lọ́jọ́ Àìkú, kí aago kan ọ̀sán tó lù, mo fẹ́ kí o ti kúrò ní Ẹ̀fọ̀n.